Etí Òsì

Oṣù kẹta rèé tí Ṣebótimọ ti yí padà.
Ó bu Adéríyìkẹ́ jẹ.
Kì í ṣe olè, kì í ṣe àlejò:
ọwọ́ tó ń bu oúnjẹ fún un ni.
Mo súfèé, kò wò mí.
Mo pè é lórúkọ, ó ń fi orí ha ògiri.

"Ajá tó máa sọnù,"
ni Bàbá Gbádébọ̀ wí láti ojú fèrèsé,
"kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."
Ọkùnrin kan tilẹ̀ wá,
ó wo itan rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹran lórí àtẹ,
ó ní òun á san ọ̀kẹ́ kan náírà.

Mo fi ìborùn dì í lẹ́nu,
mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
ọyẹ́ Sámárù ń da eruku sí wa lójú
títí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko.

Saratu Bitrus kò bá a wí.
Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, kò wò ó lójú.
"Ibo lẹ máa ń fọwọ́ kàn
kó tó bù yín jẹ?"
Mi ò bi ara mi rí.

Ó tan iná sí etí òsì:
ó wú, ó pọ́n, ó ń ṣọyún
láti ìgbà òjò.

Oògùn kíkán, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́.
Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan orí rẹ̀ ná.

Lálẹ́ yìí ó sùn sẹ́nu ọ̀nà.
Adéríyìkẹ́ kò tíì sún mọ́ ọn,
n ò sì fi dandan mú un.
Bàbá Gbádébọ̀, òwe yín dáa.
Ajá ọ̀hún tó sọnù,
ṣé ẹnì kan wo etí rẹ̀?