Àga Kẹta

Alẹ́ Ìṣẹ́gun ni, ní Winnipeg.
Mo gbọn yìnyín nù lára bàtà
lẹ́nu yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Yukiréènì.
Mo gbé tiróbóònù sápá bí ọmọ tó ti sùn.
Òtútù ti wọ inú irin rẹ̀;
bí mo bá fi ẹnu kàn án báyìí, ètè mi á lẹ̀ mọ́ ọn.
Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Sásófóònù márùn-ún níwájú, àwa mẹ́rin láàárín,
tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lẹ́yìn tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wa lọ́rùn.
Àga kẹta ni tèmi.
Bí iyọ̀ ni: ẹnì kan kì í yin iyọ̀
àfi ọjọ́ tí a bá gbàgbé rẹ̀ nínú ọbẹ̀.

Mo ti fọn fèrè rí, ní Ìlárá,
nínú Bọ́ìsì Bìrìgéèdì, pẹ̀lú bẹ́líìtì funfun,
òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún,
ẹsẹ̀ wa gún bí ìlà rúlà.
Àrùn tí Oksana rí lára mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.
Ó dá gbogbo wa dúró:
“Bándélé, ogun kọ́ là ń lọ.”
Àmì méjì wà nínú ìwé, wọ́n dọ́gba bí ìbejì.
Ó ní kí n má gba ìwé gbọ́,
kí n fa ti àkọ́kọ́, kí n gé èkejì kúrú.
Mo fà á, ó gùn jù. Mo gé e, ó dún bí ikọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nínú ọkọ̀ tí mo fi ń kó yìnyín lójú títì lóru
mò ń fẹnu pè é, irin iwájú ọkọ̀ ń ha ilẹ̀,
títí ìdájí ọjọ́ kan, ní òpópónà Selkirk,
tí bàbá bàbá mi rìn kọjá nínú etí mi.
Ó jábọ́ lórí ọ̀pẹ kí wọ́n tó bí mi;
ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gùn tó ọ̀tún mọ́.
Lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jí:
gbààà-tì. Gbààà-tì.
A máa ń sín in jẹ, àwa ọmọ aláìmòye.
Kò kánjú rí. Kò sì pẹ́ dé ibì kankan rí.
Mo dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ní Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ bàbá náà ni mo fi fọn ún.
Oksana kò sọ nǹkan kan.
Ó kọjá lọ bá àwọn tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì jà.

Ó wá ku ìdákẹ́.
Yàrá mẹ́rìnlélógún tó ṣófo ni mo gbọ́dọ̀ rìn kọjá láìfọhùn,
kí n máa ka ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ní yàrá kejìlá, Rodelio dìde pẹ̀lú sásófóònù rẹ̀,
ó sọ ohun kan tó jọ ẹ̀bẹ̀.
Mo gbàgbé ibi tí mo kà dé, mo bẹ́ sínú rẹ̀,
pàáà! èmi nìkan,
bí ẹni tó ṣe àmín kí àdúrà tó parí.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá ìlù fi bọ́ lọ́wọ́ Clifton.

Wendell, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó wà lórí àga kìíní,
yọ pẹ́ńsù kúkúrú, ó ya jígí ojú sórí ìwé mi:
róbótó méjì, okùn tín-ín-rín láàárín.
Ìyẹn ni pé: lajú rẹ níbí.
“Ohùn yẹn dáa,” ó ní. “Ilé ni kò ní.”

Ìgbà náà ni mo tó wo ìwé yẹn dáadáa.
Etí rẹ̀ ti ká, kọfí ti ta sí i.
Jígí ojú mìíràn wà lábẹ́ ti Wendell, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.
Orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀: Stan, 1961. Maurice.
Ẹnì kan kọ ọ́ sí yàrá kejìdínlógún pé ebi ń pa òun.
Ibi tí mo ti ṣìnà ni gbogbo wọn ti ṣìnà.

Mo da omi ẹnu inú irin nù sórí bébà,
mo de kóòtù mi dé ọrùn.
Èmi kò tíì kọ orúkọ tèmi.
Pẹ́ńsù Wendell wà lápò mi, kò béèrè rẹ̀.
Yìnyín tún ti bo títì.