Mẹ́jọ Tó Dùbúlẹ̀

Kì í ṣe mọ́tò tí ń rin títì ni wọ́n gbé wá o,
mọ́tò iná ni, ọkàn ẹ̀rọ ìlapákó kan ní Sàwúmìlì.
Ọkùnrin mẹ́rin ló rù ú wọlé,
ẹrẹ̀ odò Àsà ṣì ń kán ní ìhà rẹ̀.
Odò náà gòkè bí ayálégbé tí kò béèrè,
ó sùn ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Búsàrí fún ọjọ́ mẹ́ta,
ó wá lọ, ó fi òórùn ẹja sílẹ̀.

"Wọ́n ti mú iná dé," ni Àlàájì ń wí,
"ṣáà bá mi so ó, Rámátù,
pákó ẹni ẹlẹ́ni ń dúró dè mí."
Mi ò fèsì. Mo na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì,
mo fa àpótí dúdú tí bàbá mi fi sílẹ̀ yọ.

Mẹ́gà ni. Ó dàgbà jù mí lọ.
Apá rẹ̀ tí à ń yí ti jẹ wọnú níbi àtàńpàkò;
àtàńpàkò bàbá mi ni. Tèmi kò kún un.
Kò ní bátìrì. Agbára ọwọ́ rẹ ló ń jẹ.
Bí o kò bá yí i, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò nílé,
ibi tó bá wù ú ló ń sùn sí.
Láti ọ̀tún lọ sósì la sì ń kà á, bí wàláà:
òdo lápá ọ̀tún; ní ìpẹ̀kun òsì,
mẹ́jọ kan tó dùbúlẹ̀.
Mo kéré nígbà tí mo bi í pé, Bàbá,
kí ló ṣe mẹ́jọ yìí? Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Ó kà á, kà á, kò rí òpin, ló bá sùn."

Ẹni tó máa dán ẹlòmíràn wò, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dán wò:
mo ya ẹnu wáyà méjèèjì sọ́tọ̀, mo yí i. Mẹ́jọ.
Mo fi wọ́n kanra. Òdo. Irọ́ kò sí lẹ́nu rẹ̀.
Mo wá fi ọ̀kan há bàbà lẹ́nu,
ìkejì mọ́ ara irin níbi tí mo ti ha ọ̀dà kúrò,
mo yí i, kíákíá ṣùgbọ́n déédéé,
títí nǹkan inú rẹ̀ fi ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́,
bí ẹni pé ó ní: ó tó, má sáré mọ́.

Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó ṣubú lé òdo.

Aṣọ ni bàbà ń wọ̀ nínú mọ́tò, Àlàájì,
fáníìṣì tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ.
Omi ti wọ abẹ́ aṣọ. Bí a bá so iná mọ́ ọn báyìí,
á jó kí ẹ tó pe Bísímílà tán.
"Ẹ̀rọ yẹn ti gbó," ó ní, "irọ́ ló ń pa."
Mo ní kí wọ́n wá di ẹnu wáyà méjèèjì mú, kí n yí i lẹ́ẹ̀kan péré.
Wọ́n rántí pé Àlàásárì ti tó.

Wọ́n ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn.
Èyí la sá o. Mo tú ìdérí rẹ̀,
mo fi omi tó mọ́ fọ ẹrẹ̀ kúrò,
mo gbé e sójú oòrùn lórí páànù;
lálẹ́, gílóòbù méjì nínú ikùn rẹ̀, bí adìyẹ tó ń sàba.
Àràárọ̀ ni mo ń yí, tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri:
òdo. Òdo. Ìdajì.
Ó padà sí òdo, òjò rọ̀ lóru.
Méjì. Ogún.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, abẹ́rẹ́ kọjá igba,
ó ń lọ sósì jẹ́ẹ́jẹ́, bí àgbà tó ń lọ mọ́sálásí.
Kò dé ọ̀dọ̀ mẹ́jọ. Wọn kì í dé ibẹ̀.
Mo fi wáyà kan fa iná tó kù nínú rẹ̀ sílẹ̀;
bàbá mi ti gbá mi létí rí nítorí ìyẹn.

Àlàájì rán ọmọ wá gbé e. Ìdajì owó ló san.
Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí wọ́n tún ti mú iná lọ,
mi ò so wáyà mọ́ ohunkóhun, mo kàn ń yí i,
àtàńpàkò mi nínú ihò tí kò kún.
Mi ò rí abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn,
ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó wà.