Kí Irin Tó Gbẹ́sẹ̀

Ní Muroran, yìnyín ti ń já bọ́ láti òru àná.
Òkè ṣọ́ọ̀bù ẹja gbígbẹ ni ọ́fíìsì wa wà,
òórùn ẹja ń bá wa kọ kóòdù.
Igarashi, ọ̀gá wa, nàka sí ojú kọ̀ǹpútà:
"Chigusa, òmìrán rẹ yìí mà ń sùn o.
Mo tẹ bọ́tìnnì, ó ní kí n ní sùúrù.
Ọmọ tó sanwó géèmù ò wá kọ́ sùúrù.
Jẹ́ kó fò!"

Ogójì mítà ni, láti gìgísẹ̀ dé àtàrí,
irin lórí irin, èjìká ràgàjì bí ilé alájà mẹ́ta.
Ta ló rí erin tó ń ta pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́?
Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó oṣù ló ni àṣẹ.
Mo gé ìdúró rẹ̀ kù, mo tún un gé,
títí òmìrán fi ń fò kiri ìlú fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́,
bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ já gbà lórí okùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá àgbà mi gbé ìrẹsì wá fún mi,
Tokusaburo, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú kirénì èbúté,
ìka rẹ̀ méjì kì í ká mọ́.
Ó jókòó sórí àga ìdánwò, kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó di ọ̀pá ìdarí méjèèjì mú bí ẹni di ẹyin mú,
ó fẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan,
ó fi imú rẹ́rìn-ín.
"Nǹkan yìí ò ní ìfun nínú."

Mo ní báwo?
"Ẹrù tó wúwo kì í dáni lóhùn lójú ẹsẹ̀.
O fa ọ̀pá, okùn á kọ́kọ́ le,
apá kirénì á tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sín,
ẹ̀yìn náà ni ẹrù á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé òun ń lọ.
Ibi tó ti ń rò ó yẹn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.
Bí o bá sì ní kó dúró, kò ní dúró,
á ṣì máa jẹ́ ìpè tó o pè é tẹ́lẹ̀."

Ó fẹ́ dìde lọ tọ̀. Mo ń wò ó,
èmi tí mo ti ń wá orúnkún kiri inú ìwé.
Ọwọ́ kọ́kọ́ wá etí tábìlì.
Ẹ̀yìn tẹ̀ síwájú. Ìbàdí bi orúnkún,
orúnkún bi ọrùn-ẹsẹ̀. Èémí kan.
Gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀,
nígbà náà ni ó tó dìde.

Ilẹ̀ ṣú, n kò mọ̀.
Mo fi ìbàdí ṣíwájú ẹsẹ̀.
Mo ní kí èjìká yí kí ìgbọ̀nwọ́ tó yí,
kí ẹ̀ṣẹ́ dé kẹ́yìn, bí àlejò ọ̀nà jíjìn.
Tẹ pẹ́dàlì jẹ́jẹ́, á fara tẹ̀.
Tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, á gbẹ́sẹ̀.
Bí o bá já a sílẹ̀ lágbede méjì,
ẹsẹ̀ kan ló máa fi dúró, tí á máa gbọ̀n,
ìwọ ni wà á wá ibi tí yóò gbé èkejì sí.

Bàbá àgbà wà á. Gbì. Eruku sọ.
Gbì. Ó ya sọ́tùn-ún, ó wó lu afárá gbàgàdà!
Ẹ̀rín pa á títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Ó dáa! Èyí tó lè ṣubú ló ń rìn."

Ọjọ́ Ajé, Igarashi ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sọ̀rọ̀.
Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ń gun afárá lọ,
ahọ́n rẹ̀ yọ sí ìgun ẹnu bí ọmọ tó ń kọ orúkọ,
èjìká tirẹ̀ gan-an ń tẹ̀ pẹ̀lú ti irin.
Ó sọ̀kalẹ̀. "Ó ṣì lọ́ra," ló wí.
Ó dákẹ́. "Ta ló ní kó máa mí kó tó dìde?"
Mo fi abọ́ ìrẹsì hàn án.
Ó ní kí n yọ ìdá kan nínú mẹ́ta ìdúró náà.
Mo yọ díẹ̀.
N kò sọ iye tí mo yọ fún un.