Ike Tó Ń Sọ̀rọ̀

Ìbéèrè kẹtàdínlógún nínú ìwé ìwádìí mi:
"Ẹ̀ẹ̀melòó lo gbàgbé oògùn ìdènà rẹ lóṣù tó kọjá?"
Apondi wo adágún, kò wò mí.
Ó ń sá ẹja omena sórí àwọ̀n,
fàdákà wẹ́wẹ́ lábẹ́ oòrùn Mbita.
"N kò gbàgbé rí," ó ní. "Ariwo ni."

Ike oògùn a máa sọ̀rọ̀ nínú àpò:
ṣẹ̀kẹ̀ bó o bá rìn, ṣẹ̀kẹ̀ bó o bá bẹ̀rẹ̀.
Ó fi òwú dí i lẹ́nu,
ó rì í sínú ìyẹ̀fun àgbàdo,
àbíkẹ́yìn rẹ̀ wú u jáde, ó ń mì í, ó ń jó.

Ní etíkun yìí, ẹni tó bá fẹ́ rí ẹja rà láàárọ̀
ti gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀kùn ọlọ́kọ̀ lálẹ́.
Oduol gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀ náà lóru ọjọ́ kan.
"Ta lo rò pé ó ní éèdì nínú àwa méjèèjì?"
Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ rẹ̀ ti ń gúnlẹ̀,
tí ẹja ń fo agbọ̀n Apondi kọjá
bí ẹni fo ẹ̀gbin.

Ìwé mi ní àpótí méjì: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́.
Kò sí àpótí fún ẹja.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé, wínníwínní,
níbi tí ojú àwọn tó ń ka iye kò ní dé.

Ní oṣù kẹta, Nọ́ọ̀sì Jerotich gbé abẹ́rẹ́ tuntun dé.
Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún, lábẹ́ awọ ikùn.
Ó ṣàlàyé, ṣàlàyé, ó ya àwòrán.
Apondi bi í ní ohun kan ṣoṣo:
"Ṣé ó ń dún?"
Jerotich bú sẹ́rìn-ín.
Èmi ò lè rín.

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí,
bẹ́ẹ̀ la ń wí nílé wa.
Abẹ́rẹ́ ti lọ.
Okùn ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Oduol.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, Apondi pè mí padà.
"Ìbéèrè tó o bi mí wọ̀nyẹn,
ṣé wàá bi òun náà?"
Ọkùnrin náà jókòó lórí ọkọ̀ tó dojú dé,
ó ń tún àwọ̀n ṣe, ó ń súfèé.
Mo ṣí ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin,
mo tún ṣí i padà.
Kò sí ojú ewé tirẹ̀.