Ìwé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn Agodi fún mi,
bàtà mi àtijọ́ ni wọ́n dá padà, kò gba ẹsẹ̀ mi mọ́.
Wọ́n ní, "O ò tíì lọ o.
Oṣù mọ́kànlá tó kù, ìta ni wàá ti ṣe é.
Gbogbo Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀,
lọ́dọ̀ Ìyáàfin Oyèékúnlé, ní Yemẹtu."

Mo mọ wọ́dà. Mo mọ kọ́kọ́rọ́ tí í dún
kí ẹni tó gbé e tó yọ.
Mo ní òun náà kúkú ni, aṣọ ló yàtọ̀.
Mo jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ sá.

Kò béèrè ohun tí mo jí.
Ó ní, "Tìámíyù, níbo lo sùn lánàá?"
Mo ní, "Ilé ẹ̀gbọ́n mi."
Abẹ́ afárá Mọ́kọ́lá ni.
Ó kọ irọ́ náà sínú ìwé, létòlétò, ó fi déètì sí i,
ó ní, "Bó bá di Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀,
bóyá á ti di òótọ́."

Ó mú mi lọ bá Bàbá Láṣebìkan, jórinjórin ní Mọ̀lété.
Bàbá ní, "Olè? Láàárín irin mi?"
Kò bá mi bẹ̀bẹ̀. Kò sọ pé mi ò ṣe é.
Ó ní, "Ẹ pa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ sápò yín.
Ẹ fún un ní ìgbálẹ̀ ná. Mo ń bọ̀; mi ò ní sọ ọjọ́."
Ìgbálẹ̀ oṣù méjì.
Lẹ́yìn náà, dígí dúdú. Lẹ́yìn náà, iná.
Mo kọ́ ọ pé irin méjì kì í lẹ̀ mọ́ra
bí o bá ń kánjú.

Òjò Òkúdù dé, àwọn ọ̀rẹ́ àná pè mí lórí fóònù.
Ìṣẹ́gun kan lọ. Èkejì lọ.
Mo jókòó tì wọ́n létí odò Kúdẹtì,
ìgò ń lọ yíká, ọ̀rọ̀ ilé onílé ń lọ yíká,
ni mo rí agboòrùn aláwọ̀ ewé kan tó ń ṣọ́ ẹrẹ̀ rìn bọ̀.
Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún la fi í bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra.
Ọ̀tún rẹ̀ di agboòrùn mú, òsì rẹ̀ di ìwé;
ohùn ló kù, ó fi ṣe méjèèjì:
"O jẹ Ìṣẹ́gun méjì. Ojoojúmọ́ báyìí, aago méje, títí oṣù á fi lé.
Bó o bá jẹ ẹ̀kẹta, èmi fúnra mi ni n ó kọ lẹ́tà sí Agodi.
Ó yá, dìde.
Ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́ tí ìwé kún, ó ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́,
ó tún bi mí: "Níbo lo sùn lánàá?"
Mo ní, "Yàrá mi, ní Òdìnjó.
Èmi ni mo tilẹ̀kùn, láti inú."
Ó kọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Imú ló nù.

Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ mi ti dé Yemẹtu kí n tó rántí.
Ọ̀dọ́kùnrin kan ti wà níbẹ̀, sétí àga.
Mo wo bàtà rẹ̀:
ó há a lẹ́sẹ̀.