Ìwé Ìwọ̀n

Inú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya ni mò ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí,
ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìsánlú.
Ojú ìwé kọkànlélógójì:
Rẹ̀mílẹ́kún. Àyà, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìbàdí, ọgbọ̀n.
Gáùn funfun. Kíákíá. Wọ́n ti sanwó.

Mo mọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín.
Téèpù ti sọ fún mi kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Omi èso kajú ṣì ń kán lágbọ̀n ọmọ náà
nígbà tó bi mí pé, "Ṣé ẹ lè fi àpò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ibi tí màá máa kó òkúta eré mi sí?"
Mo rán an. Mo fi àpò sí i.
Oníkajú tí bàbá rẹ̀ jẹ lówó gbé e lọ,
òun àti àpò kajú mẹ́rìnlá, nínú ọkọ̀ kan náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá.
Ó dé lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ lásán, ọmọ lẹ́yìn.
Àwọn ará ilé ń wo ilẹ̀.
Ìyá ìyá rẹ̀ nìkan ló ní, "Okun o,"
bí ẹni ń kí ẹni tó toko dé.
Wọ́n ní kó padà, ilé ọkọ nilé ẹ̀kọ́.
Mo ní, ta ni olùkọ́ ibẹ̀?

Lónìí ó tún dúró síwájú mi.
Àyà, mẹ́rìndínlógójì. Ọmú ń jò.
Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Yúnífọ́ọ̀mù ni, aláwọ̀ sánmà, kíláàsì kejì ní girama.
Mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú rírán,
torí ó ṣì ń dàgbà: ọdún mẹ́rìndínlógún kò tíì pé.
Mo tẹ́ aṣọ ìlọ́po méjì sí àyà rẹ̀
kí wàrà má baà tú àṣírí rẹ̀ lójú ẹgbẹ́.

Bí agogo ìsinmi bá lù,
màá ti gbé ọmọ dé ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé.
Ọ̀gá wọn ní òun kò rí mi.
Ó yíjú. Lọ́jọ́ kejì, mo bá àga kan níbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kì í kí mi mọ́.
Oníkajú ránṣẹ́: owó òun ńkọ́?
Mo ní kó máa bọ̀, téèpù mi wà ńlẹ̀.
Owó gáùn yẹn, irin ìlọṣọ ni mo fi rà.
Irin náà ni mo fi lọ yúnífọ́ọ̀mù yìí,
mi ò sì mọ̀ bóyá ìyẹn pa gbèsè tèmi rẹ́.

Kò béèrè àpò lọ́tẹ̀ yìí.
Mo fi sí i.
Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan.
Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí ẹní.
Mo ta abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, mo gbé e pọ̀n.