Ulé Aláró

Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa.
Dátà ara wa la fi ń kọ orúkọ àdúgbò sórí máàpù
lóru, nígbà tí nẹ́tíwọ́kì bá já gaara.
Mo kọ Ìjọ́kà. Mo kọ ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù,
mo kọ kànga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn.
Ibi tí ìyá ìyá mi ń pè ní Ulé Aláró,
Ulé náà ni mo kọ, mi ò kọ Ilé.
Kílẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan ti tún un ṣe.
Ó ní, "Yorùbá ni ká kọ."
Mo jókòó, mo ń wo fóònù
bí ẹni tí wọ́n ní kó júwe ilé bàbá rẹ̀.

Akíndùró ló dá a padà sí Ulé.
Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Àwòrán rẹ̀ kò ju igi obì kan lọ.
Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹni ilé ló mọ orúkọ ilé."

Ìbò dé.
Afárá kékeré orí Àlà, ẹnìkan fi orúkọ olóṣèlú pè é,
ẹlòmíràn pa á rẹ́, òmíràn tún un kọ.
Ọ̀rọ̀ di "ìwọ ńkọ́, ẹgbẹ́ wo lo wà?"
Àwa tí a jọ ka ojúlé kan, ojúlé méjì, títí dé ẹgbẹ̀rún,
a wá ń ka ara wa.
Èmi náà, kí n má purọ́, mo kà.
Akíndùró yọ igi obì, ó fi ojú ara rẹ̀ síbẹ̀,
mo rí fìlà ẹgbẹ́ tí mi ò fẹ́ lórí rẹ̀,
mo sì yàn án lódì fún oṣù méjì gbáko.

Òjò ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án,
Àlà kún, ó gbé afárá lọ tòun tìjà orí rẹ̀.
Aago méjì òru, àmì pupa ti wà níbẹ̀:
"Ọ̀nà ti já. Ẹ gba ẹ̀yìn Ulé Aláró."
Òun ni.
Àbúrò mi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lórí ọ̀kadà.
Ó kà á. Ó ṣẹ́rí padà.

Mi ò dìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀, mi ò sì ní í dì í.
Lánàá mo lọ wo ibi tí afárá wà tẹ́lẹ̀.
Ọkùnrin kan dúró lódìkejì, ó na fóònù sókè,
ó ń wá nẹ́tíwọ́kì.
Mo ké sí i pé, "Ṣé ìwọ ni?"
Omi ń pariwo. Ó ké nǹkan kan padà,
ó jọ "Ulé" létí mi.